ÌTÀN ÀKÒRÓ ÀTI ADÉ ÌLẸ̀KẸ̀: TA NI Ó YẸ KÍ Ó DÉ E?

   

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ akọ̀wé ni láti wá ìtàn díẹ̀ sínú ìwé àyájọ́ wa. Lọ́dún yìí, a ò wá àkọlé jìnnà. Ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ nínú ìpàdé wa ló fún wa ní àkọlé. Nígbà tí a ń múra ayẹyẹ yìí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa dìde, ó ní òun lọ sí ọjà kan, òun rí i pé wọ́n ṣe àkòró onílẹ̀kẹ̀ fún Ìyálọ́jà wọn àti àwọn olóyè rẹ̀. Ó ní ó wuyì lójú, ó sì gbayì nínú fọ́tò. Ó ní kí àwa náà ṣe márùn-ún, kí a yọ owó rẹ̀ nínú àpò ẹgbẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ mọ bí ilé ṣe gbóná lọ́jọ́ náà. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwọn kan ní èèwọ̀ ni. Àwọn kan ní fìlà lásán ni, kí ló kan èèwọ̀ níbẹ̀? Nígbà tí ariwo pọ̀, Ìyá Ẹgbẹ́ ní kí akọ̀wé lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà wá, kí a má baà máa fi ẹnu lásán jà. A ka ìwé, a sì bi àwọn àgbà léèrè. Ohun tí a rí nìyí.

ADÉ JU Ẹ̀YÀ KAN LỌ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń pe ohunkóhun tí wọ́n bá fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe tí ènìyàn dé sórí ní adé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ó ní ipele. Èyí tó ga jù ni adé ńlá. Òun ló máa ń ga sókè ṣóńṣó, tí ìlẹ̀kẹ̀ á rọ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, tí yóò bo ojú ọba. Ẹyẹ sábà máa ń wà lára rẹ̀, wọ́n sì tún máa ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ojú ènìyàn sí i lára. Ọba tó ń dé e kò gbọdọ̀ wo inú rẹ̀, nítorí ohun tí àwọn àgbà fi síbẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn ni wọ́n ti máa ń gbé e lé e lórí. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí irú adé yìí ni ọba tó lè ka ìran rẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ Odùduwà ní Ilé-Ifẹ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni àkòró, ìyẹn adé kékeré. Kò ga bí adé ńlá, kì í sì í ní ìlẹ̀kẹ̀ tó bo ojú. Àwọn ọba ìlú kéékèèké àti àwọn ìjòyè ńlá tí a fún láṣẹ ló ń dé e. Ọba tó ní adé ńlá náà lè dé àkòró lọ sí òde tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni oríkògbófo, fìlà ìlẹ̀kẹ̀ tí ọba máa ń dé lójoojúmọ́. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ohun tó wà fún: orí ọba kì í wà lófìfo níta. Nítorí náà, bí a bá rí àwọn ọba bíi mẹ́wàá lórí ìjókòó, ẹni tó mọ̀ ọ́n wò á mọ ẹni tó ju ẹnì kan lọ láìbéèrè orúkọ. Orí wọn ti sọ ọ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ tó le ni adé ṣíṣe. Ẹ̀fọ̀n Alààyè ní ilẹ̀ Èkìtì wà lára àwọn ìlú tí òkìkí wọn kàn nídìí iṣẹ́ yìí láti ìran dé ìran. Wọ́n á kọ́kọ́ hun egungun adé bí ìgbà tí ènìyàn ń hun agbọ̀n. Wọ́n á fi aṣọ tí wọ́n ti rẹ sínú sítáàṣì bò ó, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ kó le. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á máa sín ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ sórí okùn, tí wọ́n á máa rán an mọ́ aṣọ náà ní ìlà ìlà títí yóò fi bò ó tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ìlẹ̀kẹ̀ nínú wa, ẹ mọ bí ojú ṣe máa ń ta ènìyàn tó bá sín ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kan péré. Ẹ wá wo odidi adé!

ÓHUN ÀTIJỌ́ NI

Àṣà yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, lẹ́bàá ààfin Ọ̀ọ̀ni, wọ́n kan àwọn orí tí wọ́n fi idẹ rọ nínú ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù, dé adé tí ó ní ohun ọ̀ṣọ́ kan tó dúró ṣánṣán níwájú orí. Kò sí ìlẹ̀kẹ̀ tó bo ojú rẹ̀, adé náà sì bá orí mu bí fìlà. Àwọn onímọ̀ fi ọjọ́ orí àwọn iṣẹ́ yìí sí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹ ò rí i pé adé tó bá orí mu, tí kò bo ojú, kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ wa jù ni ti Ìta Yemòó, ní Ifẹ̀ kan náà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tún ilẹ̀ ṣe níbẹ̀ ní ọdún 1957 ló kọ́kọ́ kan àwọn ère idẹ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá fara balẹ̀ walẹ̀ níbẹ̀, wọ́n rí orí kan tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tó dé adé onípele márùn-ún. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà pé orí ayaba ni. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé obìnrin àti adé kò pàdé rí, ẹ ní kó lọ sí Ifẹ̀.

Ìlẹ̀kẹ̀ wá ńkọ́? Ṣé òyìnbó ló kó gbogbo rẹ̀ wá ni? Rárá o. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀mọ̀wé Abidemi Babalola àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wú ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 jáde nínú ilẹ̀. Wọ́n rí i pé àwọn baba ńlá wa ń fi ọwọ́ ara wọn yọ́ gíláàsì, wọ́n sì ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tó yá ni ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ ti ilẹ̀ òyìnbó wá ń gba etí òkun wọlé, pàápàá ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, tí àwọn oníṣọ̀nà sì ń fi oríṣiríṣi àwọ̀ dárà. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ìlẹ̀kẹ̀ kankan kì í rìn láti etí òkun dé Èkìtì fúnra rẹ̀. Ọlọ́jà ló gbé e, ọlọ́jà ló tà á. Ọwọ́ tiwa ti wà nínú ọ̀rọ̀ adé láti ìbẹ̀rẹ̀.

ẸJỌ́ ADÉ NÍ ỌDÚN 1903

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé fìlà lásán ni, kó gbọ́ ìtàn yìí. Ní ọdún 1903, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Rẹ́mọ. Ẹlẹ́pẹ́, ọba Ẹ̀pẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ìlú tó parapọ̀ di Ṣágámù, ń dé adé ìlẹ̀kẹ̀. Akárìgbò ní kò ní ẹ̀tọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Gómìnà MacGregor ní Èkó. Gómìnà yìí ní sójà, ó ní ìbọn, ó ní ọkọ̀ ojú irin, ṣùgbọ́n kò mọ bí yóò ṣe dá ẹjọ́ ẹni tó lè dé adé àti ẹni tí kò lè dé e. Ó ní láti ránṣẹ́ sí Ọ̀ọ̀ni Ifẹ̀, Ọba Adélékàn Olúbùṣe Kìíní, kó wá sọ bí ó ṣe rí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ìrìn àjò yẹn kì í ṣe kékeré. Ìtàn sọ pé kò sí Ọ̀ọ̀ni tó ti fi Ifẹ̀ sílẹ̀ lọ sí irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní àwọn ọba kan jáde kúrò nínú ààfin wọn, wọn ò sì padà wọlé títí Ọ̀ọ̀ni fi padà sílé. Nígbà tí ó dé Èkó, Ọ̀ọ̀ni sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé Ẹlẹ́pẹ́ kò ní ẹ̀tọ́ sí adé náà.

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Kì í ṣe pé Ẹlẹ́pẹ́ kò lówó tí yóò fi ra ìlẹ̀kẹ̀. Kì í ṣe pé oníṣọ̀nà kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Adé náà pé, ó dára. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀ ni pé: ta ló fún ọ?

TI ÌBÀDÀN WA

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Nígbà tí àwọn jagunjagun tẹ ibí dó ní nǹkan bí ọdún 1829, wọn ò gbé adé kankan wá láti Ifẹ̀. Ìlú àwọn akíkanjú ni. Baálẹ̀ ni wọ́n ń pe olórí ìlú, kò sì sí ìdílé kan tó lè sọ pé tòun nìkan ni oyè. Ọdún 1936 ni orúkọ oyè náà yí padà láti Baálẹ̀ sí Olúbàdàn. Ọdún 1976 ni Olúbàdàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àṣẹ láti dé adé ìlẹ̀kẹ̀, ní ìgbà Ọba Gbádàmọ́sí Adébímpé. Ẹ ṣírò rẹ̀: nǹkan bí 147 ọdún ni Ìbàdàn fi wà láìní adé ìlẹ̀kẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ta ni kò mọ Ìbàdàn? Ta ni kò bẹ̀rù rẹ̀?

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tó ṣojú gbogbo wa wá ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 2017, Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bí fún ènìyàn 21 ní adé, àwọn àgbà ìjòyè Olúbàdàn àti àwọn baálẹ̀. Olúbàdàn ìgbà náà, Ọba Saliu Adétúnjí, kò fọwọ́ sí i. Olóyè Rashidi Ládọjà, tó jẹ́ Ọ̀sì Olúbàdàn, kò gba adé náà, ó sì gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní ọdún 2018, ilé ẹjọ́ gíga fagi lé e, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ẹjọ́ lọ, ẹjọ́ bọ̀, ìlú pín sí méjì, kódà nínú ọjà wa, àwọn kan ò kí ara wọn.

Ní oṣù keje ọdún 2023, àwọn àgbà ìjòyè tún gba adé. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ Olúbàdàn fúnra rẹ̀, Ọba Lékan Balógun, ni wọ́n ti gbà á, ìjọba ìpínlẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Olóyè Ládọjà ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí di oṣù kẹjọ ọdún 2024, kí ó tó gba tirẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ó di Olúbàdàn. Ìlẹ̀kẹ̀ ọdún 2017 àti ti 2023, ìlẹ̀kẹ̀ náà ni. Orí púpọ̀ nínú wọn, orí kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni ọwọ́ tó gbé e lé wọn lórí. A ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni o, ohun tí ojú rí la ń sọ.

ÀWỌN OBÌNRIN ŃKỌ́?

Àwọn ọ̀dọ́ nínú wa bi wá ní ìbéèrè kan tí kò ṣe é gbá sẹ́yìn. Wọ́n ní: àwọn ọkùnrin ń gba adé, ilé ẹjọ́ ń gbọ́ ẹjọ́ adé wọn, kí ni tiwa? Ṣé àwa tí a ń bọ́ ìlú, orí wa kò yẹ ni? Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìlà méjì ló ń jẹ Olúbàdàn, ìlà Ọ̀tún àti ìlà Balógun. Ìyálóde jókòó nínú ìgbìmọ̀, ó ń bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ ìlú, ṣùgbọ́n ìlà tirẹ̀ kò dé orí ìtẹ́.

Síbẹ̀, ẹ wo àwọn ibòmíràn. Ní Oǹdó, ìtàn ìlú sọ pé obìnrin ni ẹni àkọ́kọ́ tó jọba, Púpùpú lorúkọ rẹ̀. Títí di òní, Lóbùn wà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ọba obìnrin. Ẹ sì mọ ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀? Ọjà ni! Ó tún ní ipa tirẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi Ọ̀ṣemàwé jẹ. Ní Àkúrẹ́ àti ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, bí ọba bá wàjà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n máa ń fi ṣe adelé. Á wọ aṣọ ọkùnrin, á dé fìlà ìlẹ̀kẹ̀, á máa dá ẹjọ́ ìlú títí wọn ó fi yan ọba tuntun. Ní Àkúrẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí láàárín ọdún 2013 sí 2015.

Ti Ọ̀yọ́ ló wá jọ wá lójú jù. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1921. Ó ní nínú ààfin Aláàfin, obìnrin kan wà tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Ìyá Kéré. Òun ni gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ ọba wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ń gbé adé lé Aláàfin lórí lọ́jọ́ tó bá jọba. Bí ọba bá sì ṣẹ̀ ẹ́, Ìyá Kéré lè kọ̀, kó má kó ohun ọ̀ṣọ́ náà jáde, àpèjọ ńlá tí ọba fẹ́ ṣe kò sì ní í lè wáyé. Ẹ gbọ́ nǹkan! Ọba ló ń dé adé, ṣùgbọ́n ọwọ́ obìnrin ni kọ́kọ́rọ́ wà. Nígbà tí a kà á dé ibẹ̀, a pa ìwé dé, a rẹ́rìn-ín.

Ẹ tún rántí àwọn Ìyálóde. Ọdún 1864 ni àwọn Ẹ̀gbá fi Ẹfúnróyè Tinúbú jẹ Ìyálóde. Ọlọ́jà paraku ni. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, lówó ju ọ̀pọ̀ ológun lọ, ṣùgbọ́n ní ọdún 1874, Ààrẹ Látóòsà àti àwọn ìjòyè rẹ̀ gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì pa á lọ́dún yẹn náà. Kì í ṣe adé ni ìtàn fi rántí àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni, rere àti búburú rẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ WÁ DÓRÍ ẸGBẸ́ WA

Nígbà tí a mú ìtàn yìí padà sí ìpàdé, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó bá wa dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ wọ́n, wọn kì í pariwo. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ni wọ́n máa ń kí ọba?" A ní Kábíyèsí ni. Wọ́n ní, "Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?" A dákẹ́. Wọ́n ní, "Ká bi yín kò sí. Kò sẹ́ni tó lè bi ọba léèrè. Ó dáa. Bí ẹ bá wá dé adé fún Ìyálọ́jà àti akápò, tí owó ẹ̀yáwó bá dín, ta ni yóò bi wọ́n léèrè?"

Ẹ̀yin èèyàn wa, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni wá. Ìbéèrè ló gbé wa dúró. Lóṣooṣù la máa ń ṣí ìwé sílẹ̀, tí ìyá aláta àti ìyá aláṣọ á béèrè pé, owó mi dà, èlé mi dà, ta ló yá, ta ni kò tí ì san? Bí a bá gbé ohun tó ń pa ìbéèrè lẹ́nu wá sáàárín wa, ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú nìyẹn. A sì ti gbọ́ ti ẹgbẹ́ tí olórí rẹ̀ di ẹni tí a ò lè bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ mọ ibi tó já sí: àwọn opó ni kò rí owó wọn gbà.

Ìyálọ́jà wa fúnra wọn ló parí ẹjọ́. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ohun tí n ò lè rù lé mi lórí. Ta ló fún wa? Ààfin kò fún wa. A kàn fẹ́ rà á ni." Báyìí ni gbogbo ilé dákẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ dá a lábàá pàápàá ló kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè pé kí a fi í sílẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, a ò bá tí kọ́ ìtàn yìí.

Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí. Gèlè aṣọ òkè kan náà ni gbogbo wa yóò wé lọ́jọ́ àyájọ́, láti orí Ìyálọ́jà dé orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ lóṣù tó kọjá, oníkálukú ni yóò sì san tirẹ̀. Owó tí à bá fi ṣe àkòró ti wọ àpò ẹ̀yáwó, akọ̀wé ti kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ lè wá wò ó nígbàkígbà. Bí ààfin bá rí iṣẹ́ wa lọ́jọ́ kan, tí wọ́n sì fún ọ̀kan nínú wa ní oyè pẹ̀lú ohun orí tó bá a mu, a ó jó, a ó sì gbé e gba ìgboro. Ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ta ló fún un, a ó ní èsì.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé gèlè kò dùn bíi ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé kò dùn bíi kó yẹni. Ẹ wé tiyín kó yẹ yín. Kí orí wa má ṣe tà á fún wa. Kí ẹgbẹ́ wa pẹ́ títí, kí àwọn ọmọ wa bá a láàyè, kí wọ́n bá ìwé rẹ̀ ní mímọ́.

 

Akọ̀wé Ẹgbẹ́